Ta Ni Yóò Bá Wa Wọn Òjò Wa? Ẹ̀kọ́ Lórí Iṣẹ́ Olùwádìí Ìrìn Ìgbì Rédíò

Àwọn olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan tí yóò ṣe ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa ní àǹfààní. A yan iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí pé ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí òbí kan ti dá wa dúró lẹ́yìn ìsìn láti sọ fún wa pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, kàkà kí ó wá iṣẹ́ tòótọ́, ó ní òun rí ipò ọlọ́dún méjì kan láti máa wọn bí òjò ṣe ń dí ìgbì rédíò lọ́wọ́. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?"

Iṣẹ́ ni. Ipò náà ni àwọn ọmọ wa ń pè ní postdoc. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, kò sì tíì di olùkọ́ tí yunifásítì gbà títí lọ. Olùwádìí ni, tí a gbà fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan, láti ṣe ìwádìí kan pàtó. Ó jọ ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ ti gba ìyọ̀ǹda tán, ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ gbowó, kí ó tó lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ òkèèrè, irú ipò báyìí pọ̀. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ṣọ̀wọ́n gidigidi, ìyẹn ni ó sì fà á tí ọ̀pọ̀ òbí kò fi mọ ibi tí wọn yóò fi í sí.

Ní ti ìgbì rédíò fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tí ó bá gun Òkè-Baálẹ̀ lọ ní Òṣogbo yóò bá Ilé Awíyé níbẹ̀, ibùdó ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n OSBC. Yóò tún bá ọgbà àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní 2006. Kì í ṣe ẹwà ni a ń wá tí a fi ń gbé òpó rédíò sórí òkè. Ìgbì FM fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn bí ojú ṣe ń ríran: ibi tí òkè tàbí ìtẹ̀sí ilẹ̀ bá ti bo òpó mọ́lẹ̀, agbára rẹ̀ a máa dín kù níbẹ̀. Òpó tí ó ga ń ríran jìnnà. Ìgbì náà gùn tó nǹkan bí mítà 3 láti orí kan dé orí kejì, nítorí náà, ẹ̀kán òjò tí kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ kò jámọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Bí òjò ń rọ̀ bí kò rọ̀, ẹ óò gbọ́ ìròyìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbì ni ó rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a gbé ilé ìtura ilé ẹ̀kọ́ yìí ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn rántí rédíò kékeré onígbì kúkúrú, tí ohùn Lọ́ńdọ̀nù ń dún ketekete nínú rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ó sì ń fà sẹ́yìn, tí ó tún ń padà bọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú ìjì. Ohun tí ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ni ipele afẹ́fẹ́ kan ní òkè réré, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sókè àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìtànṣán oòrùn ti fi iná mànàmáná kún. Ìgbì a kọlu ibẹ̀, a sì padà sílẹ̀. Edward Appleton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ìwọ̀n fi ìdí ipele náà múlẹ̀ ní 1924, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ náà ní 1947.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe rò pé òkèèrè nìkan ni irú iṣẹ́ yìí ti wáyé. Ní Ìbàdàn, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1948, àwọn olùwádìí físíìsì gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tí ń rán ìgbì sókè tààrà, tí ó sì ń ka iye àkókò tí ó fi padà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé pa ọwọ́ pọ̀ láti wo ayé àti òfúrufú ní 1957 sí 1958, Ìbàdàn wà lára àwọn ibùdó wọn, nítorí pé ó súnmọ́ ìlà agbedeméjì òòfà ayé, èyí tí ó gba apá àríwá orílẹ̀-èdè wa kọjá. Ohun tí ipele òfúrufú náà ń ṣe níbí kò rí bí èyí tí ó ń ṣe lórí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀ràn yìí ní Ìbàdàn ni Agodi Onwumechili, tí ó di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1979 sí 1982. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ òfúrufú tí ó wà lórí ilẹ̀ olóoru, ó di dandan kí ó ka ohun tí Ìbàdàn kọ sílẹ̀.

Ti òjò ni ó kàn wá jù báyìí. Ìgbì tí ń ti orí sátẹ́láìtì wá sínú àwo tí ó wà lórí òrùlé yín kò gùn ju oríkèé àtàǹpàkò kan lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5. Sátẹ́láìtì náà wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè. Ìgbì rẹ̀ yóò rin gbogbo ìrìn yẹn láìsí ìdíwọ́ púpọ̀, tí ó bá wá ku nǹkan bíi kìlómítà mélòó kan kí ó délé, yóò bọ́ sínú òjò. Ẹ̀kán òjò ti wá tóbi tó láti bá a jà: òmíràn yóò gba agbára rẹ̀ mu bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, òmíràn yóò fọ́n ọn ká. Ohun tí ó fà á nìyẹn tí àwòrán fi ń dúró gbagidi nígbà tí òjò bá le. Bí ìgbì bá sì ṣe kúrú tó ni ìyà òjò ṣe ń pọ̀ lórí rẹ̀ tó. Orí irú ìgbì kúkúrú bẹ́ẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì ń gbà kọjá, bẹ̀rẹ̀ láti orí NigComSat-1R tí orílẹ̀-èdè wa fi sókè ní oṣù Kejìlá 2011, títí dé orí Starlink tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2023.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ iye tí òjò jẹ. Bí agbára ìgbì bá dín sí ìdajì, wọn a ní decibel 3 ti lọ. Bí ó bá ku ìdá kan nínú mẹ́wàá, 10 ti lọ. Bí ó bá ku ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, 20. Ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ fún báńkì tàbí ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ mọ iye decibel tí òun yóò fi pamọ́ de òjò. Bí ó bá fi díẹ̀ pamọ́, ìlà yóò já. Bí ó bá fi púpọ̀ jù pamọ́, owó àwo ńlá àti ẹ̀rọ alágbára ni ó ti sọ nù. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: nínú ọdún kan, ìṣẹ́jú mélòó ni mo lè gbà kí ìlà yìí já?

Ìdáhùn tí a sábà máa ń lò ni ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún ọdún, èyí tí wọ́n ń kọ ní 0.01%. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ọdún kan jẹ́ 525,600 ìṣẹ́jú. Ìdá kan nínú 10,000 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 53. Ìṣẹ́jú 53 tí òjò le jù nínú ọdún ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Wọn kì í wá papọ̀. Mẹ́rin lè wá ní oṣù Kẹrin, méje ní òru ọjọ́ kan ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tí kò bá ṣọ́nà ní gbogbo ọdún kò lè sọ pé òun rí wọn. Ọdún kan ṣoṣo kò sì tó, nítorí pé òjò ọdún yìí kì í ṣe òjò èṣí.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé Àwọn Ọba Kìíní yóò rántí ìránṣẹ́ Èlíjà, tí a rán gòkè láti lọ wo apá òkun. Ó lọ, ó padà wá jíṣẹ́ pé òun kò rí nǹkan kan. A tún rán an. Ẹ̀ẹ̀keje ni ó tó rí ìkùukùu kékeré kan. Wòlíì ni àwọn oníwàásù máa ń yìn nínú ìtàn yẹn, àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ lórí àga ìwàásù. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ náà, tí ó jíṣẹ́ òtítọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà pé kò sí ohun tí òun rí, olùwádìí ni.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣé a kò ti ń wọn òjò láti ayé aláwọ̀ funfun wá ni? A ń wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n fún àgbẹ̀. Àgbẹ̀ fẹ́ mọ iye omi tí ilẹ̀ mu lóòjọ́ tàbí lóṣù. Oníṣẹ́ rédíò fẹ́ mọ bí òjò ṣe le tó ní ìṣẹ́jú kan sí èkejì. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀wààrà òjò kan rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ó le débi pé bí ó bá rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, omi yóò ga ní mìlímítà 120. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, mìlímítà 20 ni yóò rọ̀. Bí òjò bá dá, tí ó sì jẹ́ wákàtí wákàtí ni ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sílẹ̀, yóò kọ 20, bí ẹni pé òjò pẹ̀lẹ́ kan ni ó rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí dé òpin. Ìwé ti parọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò purọ́. Àwo orí òrùlé nìkan ni ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Èyí tí ó tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ìwọ̀n ẹ̀kán òjò. Òjò winniwinni àti ọ̀wààrà lè bu omi kan náà fún ilẹ̀, síbẹ̀ kí wọ́n má ṣe ìgbì rédíò bákan náà, nítorí pé ẹ̀kán wọn kò dọ́gba. Ní 1943, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Laws àti Parsons, gbé ìyẹ̀fun sínú àwo fún òjò láti rọ̀ sí. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan di kóró ìyẹ̀fun kan, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ní Canada, Marshall àti Palmer lo bébà tí a fi aró kùn, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1948. Iṣẹ́ rere ni, inú wa sì dùn sí ìyẹ̀fun yẹn, nítorí pé ìyá ilé kankan kò lè sọ pé ohun èlò rẹ̀ kò sí ní ilé ìdáná òun. Ṣùgbọ́n òjò Washington àti òjò Canada ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ayé, títí kan ilẹ̀ olóoru, ni ó ń fi òṣùwọ̀n wọn ṣírò.

Ifẹ̀ ni a ti dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gabriel Ọlálérè Àjàyí, olùkọ́ nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ mànàmáná ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ nínú ọgbà náà tí ó ń gbọ́ bí ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan ṣe ń kàn án, tí ó sì ń sọ ìró náà di ìwọ̀n. Ní 1984, ó tẹ ìwé jáde pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀ lórí bí òjò Ilé-Ifẹ̀ ṣe ń le tó. Ní 1985, òun àti Olsen ti Canada tẹ òmíràn jáde lórí ìwọ̀n ẹ̀kán òjò ilẹ̀ olóoru. Wọ́n fi hàn pé òṣùwọ̀n tí ó ti òkèèrè wá ka ẹ̀kán kéékèèké pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rí ní Ifẹ̀ lọ, wọ́n sì dábàá òṣùwọ̀n mìíràn tí ó bá òjò wa mu. Àwọn onímọ̀ ń lo òṣùwọ̀n náà di òní. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ni ó kọ́kọ́ darí àjọ NITDA nígbà tí ìjọba dá a sílẹ̀ ní 2001. Iṣẹ́ náà kò sì parí sí Ifẹ̀. Ní FUTA, ní Àkúrẹ́, àwọn olùwádìí ń bá a lọ.

Ẹ kíyè sí i pé láti Ifẹ̀ dé Òṣogbo kò jìnnà. Òjò tí a fi kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí, aládùúgbò òjò wa ni.

Kí wá ni olùwádìí ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́? Ó ní ẹ̀rọ ìwọn òjò tí agolo kékeré méjì wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kan ń dà nù bí ó bá ti kún tí èkejì a sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Dídà kọ̀ọ̀kan lè dúró fún mìlímítà 0.2. Ó ní àwo kan tí ó dojú kọ sátẹ́láìtì kan, tí ń gba àmì kan ṣoṣo tí kì í yí padà, kí ó lè rí i kedere bí òjò bá bù ú jẹ. Ó gbọ́dọ̀ mú aago àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí bára mu. Ó ń gbá ewé àti kòkòrò kúrò nínú ẹ̀rọ. Ní ìgbà ọyẹ́, ó ń nu eruku, ó sì ń ṣọ́ nǹkan mìíràn: òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tutù ju ti òkè lọ, tí ìgbì a máa tẹ̀ lé ilẹ̀ lọ jìnnà ju bí ó ti yẹ, tí rédíò ìlú jíjìnnà a sì máa wọlé lé ti ìtòsí lórí. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó tó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti yọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ kúrò nínú ohun tí ó jẹ́ àṣìṣe ẹ̀rọ. Apá yìí ni ó ń gba àkókò jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ní kíláàsì mẹ́rin àti ìpàdé mẹ́fà kò ráyè fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ tètè gboyè kò lè dúró de òjò ọdún mẹ́ta. Nítorí náà ni ipò ọlọ́dún méjì tàbí mẹ́ta yìí fi wà.

Ní ilẹ̀ wa, ìṣòro kan wà tí ìwé òkèèrè kì í sọ. Ìgbà tí ìjì bá bẹ̀rẹ̀ ni iná máa ń lọ. Ẹ rò ó wò: ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí oòrùn ràn, ó sì kú ní ìṣẹ́jú tí a tìtorí rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Bí a bá ka ìwé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, a óò rò pé òjò wa kò le. Bátìrì àti sọ́là tí ó dára lè ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ ìwọn òjò fúnra rẹ̀ lọ.

Ó kan àwa náà. Ọ̀wààrà òjò kì í bo ilẹ̀ gbogbo. Ibi tí ó ti le jù lè má ju kìlómítà mélòó kan lọ. Gbogbo wa ni a ti rí i tí òjò ń lu òrùlé ní Òkè-Baálẹ̀ tí eruku ń sọ ní Iléṣà, tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní Ifẹ̀ tàbí Àkúrẹ́ kò lè jẹ́rìí fún gbogbo Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà mẹ́fà: Òṣogbo, Òkukù, Ìkirè, Èjìgbò, Ìfẹ́tẹ̀dó àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Bí a bá fẹ́ ṣètò ibi tí a óò ti máa ṣọ́ òjò, ta ni ìbá tún yà á dára ju báyìí lọ? Bí a bá sì fi àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama kún un, títí kan tiwa, àlàfo tí ó wà láàrin wọn yóò dínkù. Èrò wa, tí a ó gbé síwájú ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ni pé kí a yọ nínú owó àjọ̀dún yìí láti gbé ẹ̀rọ ìwọn òjò oníṣẹ́jú-ìṣẹ́jú kan sórí òrùlé yàrá ẹ̀kọ́ físíìsì, pẹ̀lú bátìrì tirẹ̀. Àwọn kan ti ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ni kí a fi owó náà kùn lọ́dà. Ọ̀dà dára, ṣùgbọ́n òjò yóò fọ̀ ọ́ kúrò. A óò kúkú wọn òjò náà.

Ní ti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti rí ipò báyìí, nílé tàbí lókè òkun, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè bóyá iṣẹ́ ni. Ẹ béèrè ọdún mélòó ni owó tí wọ́n fi ń san án yóò dúró. Ẹ béèrè ta ni yóò ni ìwọ̀n tí ó bá gbà, bóyá orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde, àti bóyá yóò lè mú ẹ̀dà rẹ̀ wálé bí àkókò rẹ̀ bá pé. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀, tàbí ó ṣì wà ní èbúté tí wọ́n ń dúró de ìwé ìyọ̀ǹda. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ yìí ni, ẹ béèrè nípa bátìrì. Kí ẹ sì béèrè ta ni yóò máa gun òrùlé lọ wò ó lóru lẹ́yìn tí òjò bá dá. Bí ó bá ní òun ni, ẹ ra bàtà òjò àti tọ́ọ̀ṣì fún un.